Tọ́rọ́ péré ló fi ra ìwé àlòkù ní Peckham, àádọ́ta ọdún ló fi kùn ún!

Àwọn àgbà mọ tọ́rọ́ dáadáa. Kọ́bọ̀ mẹ́ta ayé àwọn òyìnbó ni, kì í ṣe owó téèyàn fi ń ṣe fáàrí. Ṣùgbọ́n tọ́rọ́ kan ṣoṣo ni ayàwòrán kan nílùú London, Tom Phillips, ná lọ́dún 1966, tí orúkọ ẹ̀ fi wọnú ìtàn.

Peckham lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀, Peckham táwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí bí omi lónìí. Phillips àti ọ̀rẹ́ ẹ̀, R. B. Kitaj, tóun náà jẹ́ ayàwòrán, ni wọ́n jọ lọ wo ọjà nílé ńlá kan tí wọ́n ti ń ta àlòkù. Ni Phillips bá sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé ìwé àkọ́kọ́ tóun bá rí ní tọ́rọ́, iṣẹ́ gidi tí yóò pẹ́ lọ́wọ́ òun lòun máa fi ṣe. Ìwé tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni A Human Document, ìtàn ìfẹ́ tí W. H. Mallock kọ lọ́dún 1892. Mallock ti kú láti 1923, àwọn èèyàn ò sì fi bẹ́ẹ̀ rántí ìwé ọ̀hún mọ́.

Kí ló wá fi ṣe? Ó kọ́kọ́ ń fi yíǹkì pa àwọn ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ rẹ́. Nígbà tó yá, ó gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun ojú ewé, ó ń ya àwòrán bò ó. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó dá sí ló fi ọ̀nà tóóró so pọ̀ bí odò tó ń ṣàn. Téèyàn bá kà wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ìtàn mìíràn tí Mallock ò kọ ló máa bá pàdé. Gbogbo ojú ewé 367 ló ṣe bẹ́ẹ̀!

Orúkọ ìwé gan-an ò bọ́. Ó ṣẹ́ ojú ewé po, A Human Document bá di A Humument. Ó tún dá ọkùnrin kan sílẹ̀ níbẹ̀, Bill Toge, tí ìfẹ́ ń dà láàmú. Inú ọ̀rọ̀ òyìnbó náà, together tàbí altogether, ló ti ń yọ orúkọ Toge jáde. Níbi tí Mallock ò bá ti kọ ìkankan nínú méjèèjì, Toge ò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Àwọn kan lè ní ìbàjẹ́ nìyẹn, pé kí ló dé téèyàn á máa kun ìwé oníwèé. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń pè ní ìwé oníṣẹ́ ọnà nìyẹn o. Kì í ṣe ìwé ìtàn tí wọ́n kàn ya àwòrán sí. Ìwé ọ̀hún fúnra ẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà, bí ère ṣe jẹ́ fún agbẹ́gilére: bébà ẹ̀, bí wọ́n ṣe dì í, bí wọ́n ṣe ń ṣí i, gbogbo ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Phillips nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Lọ́dún 1963, ní Amẹ́ríkà, Ed Ruscha gbé ìwé kékeré kan jáde, fọ́tò iléepo 26 ló wà nínú ẹ̀. Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ilẹ̀ náà, ní àwọn ò gbà á. Ruscha ò sunkún, ìkọ̀sílẹ̀ náà ló fi polówó ìwé ẹ̀ lọ́dún 1964! Lónìí, ó ti di ẹ̀kọ́. Ọ̀mọ̀wé Johanna Drucker kọ ìwé ńlá lórí ẹ̀ lọ́dún 1995, Yunifásítì Iowa sì ń fún èèyàn lóyè lórí iṣẹ́ ìwé ṣíṣe.

Phillips parí ẹ̀dà àkọ́kọ́ lọ́dún 1973, síbẹ̀ kò sinmi. Ó padà sídìí ẹ̀, ó ń tún ojú ewé kọ̀ọ̀kan yà, títí tí kò fi ku ìkankan tí kò pààrọ̀ nígbà tí ẹ̀dà ìkẹyìn jáde lọ́dún 2016. Ó jáde láyé lóṣù kọkànlá, ọdún 2022, lẹ́ni ọdún 85.

Ẹni tí wọ́n lè ní ó ba ìwé Mallock jẹ́ ló wá gbé orúkọ Mallock dúró. Ká ní kì í ṣe tọ́rọ́ yẹn ni, èèyàn mélòó ni ì bá dárúkọ ẹ̀ lónìí? Kẹ́ni tó bá fẹ́ẹ́ kó ìwé àtijọ́ bàbá ẹ̀ fún alákàrà yáa ṣe sùúrù o.