Ìtàn Àfaraṣe àti Ìgbé Ayé Ojoojúmọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1350 sí 1540

Ohun tí a ní lọ́kàn nínú iṣẹ́ yìí ni láti yẹ ọ̀nà ìwádìí kan wò, èyí tí a ó máa pè ní ìtàn àfaraṣe. Nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn òde òní a máa wọ irú aṣọ tí àwọn ará àtijọ́ wọ̀, wọn a sì máa fi irú irinṣẹ́ wọn ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè mọ bí ayé ṣe rí nígbà náà. Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ ohun tí a fi ara ṣe lónìí lè jẹ́ ẹ̀rí nípa ìgbà tí ó ti kọjá? Àwọn kan kà á sí eré lásán. Èrò tiwa yàtọ̀ sí tiwọn, ṣùgbọ́n kò yàtọ̀ pátápátá.

Ní Singleton, ní agbègbè Sussex, ibùdó kan wà tí wọ́n ń kó ògbólógbòó ilé jọ sí. Ọ̀kan nínú wọn ni Bayleaf, ilé àgbẹ̀ ọlọ́rọ̀ tí wọ́n fi igi kọ́ sí Chiddingstone, ní Kent, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe adágún omi sí àdúgbò náà, wọ́n tú u palẹ̀; nígbà tí ó di 1972, ó ti tún dìde ní Singleton. Ẹrù inú rẹ̀ jẹ́ àwòṣe irú èyí tí wọ́n ń lò ní nǹkan bí 1540. Àárín gbọ̀ngán ni ààrò wà, fèrèsé kò sì ní gíláàsì. Dúdú tí èéfín kùn mọ́ igi òrùlé irú ilé bẹ́ẹ̀ ti tó láti fi hàn pé wọ́n dáná níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá dáná gan-an ni a ó tó béèrè fèrèsé tí ó yẹ ní títì bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, àti ẹni tí ń wá igi gbígbẹ nígbà òjò. Ẹni tí ó bá ti fi igi tútù dáná rí mọ̀ pé ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré.

Lórí ọ̀rọ̀ aṣọ ni àǹfààní ọ̀nà yìí ti hàn jù. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀wù pénpé ni àwọn ọkùnrin ń wọ̀, wọn a sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ṣòkòtò tí ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Nínú àwòrán ìgbà náà, a máa ń rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n tú okùn ẹ̀yìn sílẹ̀. Ẹni tí ó wo àwòrán nìkan lè pè é ní ọ̀bùn, tàbí kí ó ní ayàwòrán ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn rán irú aṣọ náà, kí ó wọ̀ ọ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kórè: ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fà, bóyá okùn á já, bóyá aṣọ á ya. Kì í ṣe ẹ̀rí tuntun ni ara mú wá níhìn-ín. Ó la ojú wa sí ẹ̀rí tí ó ti wà nínú àwòrán tẹ́lẹ̀.

Ewu rẹ̀ náà kò jìnnà. Bí a bá gé aṣọ náà bí kò ti yẹ, ìgékúgèé tiwa ni a ń wádìí, kì í ṣe ìgbé ayé wọn. Ẹrẹ̀ etí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù ti pa aṣọ irun àgùntàn àti bàtà púpọ̀ mọ́. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni ó máa ń jẹrà níbẹ̀. Nítorí náà, àwòrán ni a gbára lé jù fún àwọ̀tẹ́lẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ìdánilójú kan náà sọ̀rọ̀ lórí méjèèjì.

Ti oúnjẹ kò gba àlàyé púpọ̀: kò tí ì sí tòmátì, kò tí ì sí àgbàdo.

Àwọn nǹkan kan wà tí ara kò lè ṣe. Àjàkálẹ̀ àrùn 1348 sí 1349 pa ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará ìlú. Ó tún padà wá ní 1361. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò padà sí ilé lọ́jọ́ Àìkú kò lè fi irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ṣe àfaraṣe. A lè gba ààwẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ibi ìwẹ̀nùmọ́ lẹ́yìn ikú kò sí nínú ebi náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tí yóò ta ọfà nínú àfihàn ogun Tewkesbury ti 1471 kì í ṣòro rí bí ẹni tí yóò kó ìgbẹ́ màlúù lọ sí oko.

Ilé tálákà náà kì í sábà pẹ́ lórí ìdúró. Ní Singleton kan náà, wọ́n tún ilé kékeré kan kọ́ láti inú ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde ní abúlé Hangleton. Ìsàlẹ̀ ògiri ni wọ́n bá. Òrùlé tí ó wà lókè rẹ̀, ìfòyemọ̀ ni. Ó yẹ kí a sọ èyí fún àlejò kí ó tó tẹrí ba wọlé.