Owó Tí A Jẹ Nínú Tẹ́tẹ́ àti Òfin Owó-Orí: Ìdí Tí Ó Fi Yẹ Kí Àwọn Aṣòfin Amẹ́ríkà Tún Un Gbé Yẹ̀wò

Ní ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ìlànà kan lélẹ̀ nípa àwọn tí ń ta tẹ́tẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Ìlànà náà ni pé bí ẹnì kan bá jẹ dọ́là 1,200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé tẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn agbowó-orí. Ní àkókò náà, ìpínlẹ̀ Nevada nìkan ni kàsínò ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀. Lónìí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìpínlẹ̀ ni ó ní kàsínò, owó ọjà sì ti gòkè ní ìlọ́po-ìlọ́po. Síbẹ̀, iye kan náà ni ìjọba ń lò títí ọdún 2025 fi parí. Àwọn baba wa kò ṣìnà nígbà tí wọ́n sọ pé ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì.

Ẹnì kan nínú ìjọ lè béèrè pé kí ni ọ̀ràn ilé tẹ́tẹ́ fi kan àwa. A kò kọ èyí láti gbé tẹ́tẹ́ lárugẹ. A mọ ìdílé tí ó ti fọ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń sọ níhìn-ín ni ìdájọ́ òdodo. Òfin tí ó bá gba owó-orí lórí èrè tí ènìyàn kò jẹ kò tọ́, ìbáà jẹ́ pé a fẹ́ràn ìwà ẹni náà tàbí a kò fẹ́ ẹ.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Nígbà tí owó tí ènìyàn jẹ bá dé gbèdéke tí òfin fi lélẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò dá iṣẹ́ dúró. Òṣìṣẹ́ ilé tẹ́tẹ́ yóò wá, yóò gba káàdì ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà Social Security ẹni náà, yóò sì kọ fọ́ọ̀mù tí a ń pè ní W-2G. Ẹ̀dà kan yóò lọ sọ́dọ̀ IRS, èyíinì ni àwọn agbowó-orí ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, a óò yọ ìpín 24 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó náà lójú ẹsẹ̀.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì mú. Gbèdéke yìí kì í ṣe ààlà owó-orí. Lábẹ́ òfin, gbogbo owó tí a bá jẹ nínú tẹ́tẹ́ ni a gbọ́dọ̀ kà mọ́ owó tí ó wọlé fún wa, ì báà ṣe dọ́là mẹ́wàá péré. Fọ́ọ̀mù náà kàn ń sọ èyí tí ilé tẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí ni.

Ohun tí ó yí padà

Òfin tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ọdún 2025, gbé gbèdéke náà dé dọ́là 2,000 láti ọdún 2026, pẹ̀lú ètò pé kí ó máa gòkè bí owó ọjà bá ṣe ń gòkè. A dúpẹ́ fún èyí, ṣùgbọ́n kò tí ì tó. Ohun tí dọ́là 1,200 lè rà ní ọdún 1977, owó rẹ̀ lónìí ju dọ́là 6,000 lọ. Kí òfin yìí tó jáde, Dina Titus láti Nevada àti Guy Reschenthaler láti Pennsylvania, tí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn kò dọ́gba, ti jọ gbé àbádòfin wá pé kí ó di dọ́là 5,000.

Àdánù tí òfin kò kà tán

Òfin ọdún 2025 yìí kan náà tún dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí ó bá ń to ìnáwó rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún àwọn agbowó-orí lè yọ gbogbo àdánù rẹ̀ nínú tẹ́tẹ́, bí kò bá ti ju èyí tí ó jẹ lọ. Láti ọdún 2026, ìpín 90 nínú ọgọ́rùn-ún àdánù náà nìkan ni ó lè yọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àgbàlagbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì bá jẹ dọ́là 20,000 láàárín ọdún kan, tí ó sì pàdánù 20,000, kò sí èrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n 18,000 péré ni òfin yóò jẹ́ kí ó yọ. Yóò san owó-orí lórí 2,000 tí kò ní. Bí kò bá sì to ìnáwó rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ jù lọ kì í ti í ṣe é, gbogbo 20,000 náà ni a óò kà sí i lọ́rùn.

Ọ̀ràn náà kò parí síbẹ̀. A máa ń ka owó tí ó jẹ mọ́ àpapọ̀ owó tí ó wọlé kí a tó yọ àdánù. Àpapọ̀ yìí ni a fi ń mọ iye tí a óò gba owó-orí lé nínú owó Social Security rẹ̀, òun náà ni ó sì lè mú kí owó tí ó ń san lóṣooṣù fún ètò ìlera Medicare gòkè ní ọdún méjì lẹ́yìn náà.

Ohun tí a ń bẹ àwọn aṣòfin fún

A rọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ Amẹ́ríkà pé kí wọ́n gbé gbèdéke náà sún mọ́ iye tí ó jẹ́ ní ọdún 1977, kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ láti yọ gbogbo àdánù padà, kí wọ́n sì jẹ́ kí a yọ ọ́ kí a tó ka àpapọ̀ owó tí ó wọlé. Ní oṣù Keje ọdún 2025, Titus gbé àbádòfin kan jáde lórí ẹ̀bẹ̀ kejì yìí.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé gbèdéke gíga yóò ran àwọn tí ń sá fún owó-orí lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe asán, ṣùgbọ́n òfin mìíràn ṣì ń béèrè pé kí kàsínò fi tó ìjọba létí bí owó tí ẹnì kan san sílẹ̀ tàbí tí ó gbà lọ́wọ́ bá ju dọ́là 10,000 lọ lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé Amẹ́ríkà, bí ọ̀ràn yìí bá kan ẹnì kan nínú ilé yín, ẹ gbà á níyànjú láti máa kọ ọjọ́, ibi, iye tí ó jẹ àti iye tí ó pàdánù sílẹ̀, kí ó sì sọ òtítọ́ nípa gbogbo rẹ̀. Ẹ sì kọ̀wé sí aṣòfin tí ń ṣojú àdúgbò yín. Ẹni tí ó bá ń san ẹ̀tọ́ rẹ̀ láìṣàbòsí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí ìṣirò ìjọba náà jẹ́ òtítọ́.