Ṣé o mọ̀ pé ènìyàn mẹ́wàá ti tó?

Ṣé o mọ̀ pé ènìyàn 10 péré lè dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kí ìjọba sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé? Àwọn onídìrí tó wà lójú ọ̀nà Igbó-Elérin, ní Ọ̀jọ́ níbí, nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà láti 1935? C. F. Strickland ló ṣèwádìí fún ìjọba amúnisìn, ó jábọ̀ ní 1934, òfin jáde lọ́dún kejì. Àmọ́ àwọn baba wa kò dúró dè é. Èésú ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ó tilẹ̀ bá àwọn ẹrú sọdá òkun: wọ́n ṣì ń dá a ní Trinidad títí dòní.

Ṣé o ti ṣírò iye tí àjọ ń gbà lọ́wọ́ rẹ? Bí o bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, alájọ yóò mú ti ọjọ́ kan, ìwọ yóò kó ₦29,000. Láàárín oṣù 12, ₦12,000 ti lọ. N kò bá alájọ jà o. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ló ń ṣe, nínú oòrùn, nínú òjò. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èlé tí ọmọ ẹgbẹ́ san lórí owó tó yá, àpò ẹgbẹ́ náà ló ń padà sí. Òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìdá mẹ́rin èrè pamọ́ kí wọ́n tó pín ìyókù. Ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ ní ju ìdá márùn-ún gbogbo ìpín lọ. Ìbò kan ni lánlọ́ọ̀dù onílé mẹ́ta ní, ìbò kan náà ni ayálégbé rẹ̀ tó ń ta ata. Èyí gan-an ló wù mí jù nínú òfin náà.

Ṣé o mọ̀ pé láti 2016 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ní àjọ LSETF, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yá oníṣòwò kéékèèké lówó pẹ̀lú èlé 5 nínú 100 lọ́dún nígbà náà? Káàdì olùgbé Èkó wà lára ohun tí wọ́n ń bèèrè. Ọ̀pọ̀ ìyálọ́jà ni kò tíì gba káàdì náà.

Alábà, ọjà ẹ̀rọ, wà ní Ọ̀jọ́ níbí náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2011 gbé ìkódànù ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ sọ́rùn àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń kó o wọlé. Síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń sun wáyà, wọ́n ń fa èéfín símú nítorí bàbà inú rẹ̀. Bí 10 nínú wọn bá parapọ̀, wọ́n lè bá iléeṣẹ́ àtúnlò ná ọjà bí ẹgbẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé Òkókómáíkò tiwa níbí ni wọ́n ṣètò pé kí rélùwéè aláwọ̀ búlúù parí sí? Ní September 2023 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2. Ọjọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, owó ṣọ́ọ̀bù yóò gòkè. Ẹgbẹ́ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lè ra ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà.