Ilé Ìdáná Titun ní Ìhà Lekki àti Ajah

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ni ń kọ́lé ní ìhà Lekki àti Ajah, tí owó wọn sì ń fẹ́ tán nígbà tí ó bá kan ilé ìdáná. Owó díẹ̀ tí ó kù ni wọn yóò sì fi ra kọ́bọ́ọ̀dù dídán àti òkúta mábù, kí àlejò lè yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a wo ilẹ̀ kí a tó ra ọ̀ṣọ́.

Láàárín òkun àti ọ̀sà ni ilẹ̀ náà wà; iyanrìn àti àbàtà ni, omi kò sì jìnnà sí ojú ilẹ̀. Nínú oṣù July ọdún 2017, òjò ńlá rọ̀, omi sì wọ inú ilé púpọ̀ ní Lekki àti Victoria Island. Nítorí náà, kí bíríkìlà kọ́kọ́ gbé ilẹ̀ ilé ìdáná ga ju àgbàlá lọ, kí páìpù omi ìdọ̀tí sì máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ihò rẹ̀, jìnnà sí kànga.

Èkejì ni afẹ́fẹ́. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ni í máa ń wọ́ sí, kì í gòkè bí èéfín, ìṣáná kan ṣoṣo sì lè jó odidi ilé. Kí sìlíńdà dúró ní ìta, lábẹ́ ibòji, kì í ṣe nítòsí gọ́tà. Kí ihò afẹ́fẹ́ sì wà ní ìsàlẹ̀ ògiri. Ẹni tí ń fi èédú dáná, kí ó má ṣe dá a nínú ilé títì, nítorí oró tí ń bẹ nínú rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pani.

Ẹ̀kẹta ni pẹpẹ. Pákó tí a fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀ pọ̀ a máa wú bí ó bá mu omi, atẹ́gùn oníyọ̀ láti òkun a sì máa mú irin dípẹtà. Búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré tí a fi táìsì bò, bí ẹsẹ̀ bàtà 3 ní gíga, sàn jù. Aṣọ títa ni a ó fi bo abẹ́ rẹ̀ títí owó yóò fi dé. Kí baálé má sì ṣe bá bíríkìlà parí ọ̀rọ̀ láìbi ìyàwó rẹ̀, nítorí òun ni ó mọ ibi tí odó àti ìkòkò àsè yóò dúró.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tí a rì mọ́ ilẹ̀ àti ògiri kò ṣe é tún ṣe láìfọ́ ilé, ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ lè dúró di ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó fi gbèsè ra mábù, tí àgbàrá sì wọlé bá a, ẹkún méjì ni yóò sun.