Ọ̀dọ́ Tó Ń Wọ Ọkọ̀ Èrò Kì Í Ṣe Òtòṣì

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́ lónìí. Mo fẹ́ yá owó nínú ẹgbẹ́ wa láti fi ra mọ́tò tòkunbọ̀ fún ọmọ mi tí ó ń ta aṣọ ní Balógun. Ojú ń tì mí pé ọkọ̀ èrò ni ó ń wọ̀. Ọmọ náà dá mi lóhùn pé: “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí tèmi jẹ gbèsè. Epo ni yóò mu èrè mi tán. Ẹ jẹ́ ká fi owó náà kún ọjà.”

Mo rò ó títí, òótọ́ ló sọ. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, lítà bẹntiróòlù kan kò tó N200. Kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, ó ti lé ní N600. Ẹni tó dá wà nínú mọ́tò, òun nìkan ni yóò san owó epo àti ti mẹkáníìkì. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, epo ń jó, mọ́tò kò rìn.

Mile 2 ni ọmọ náà ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní September 4, 2023. Kìlómítà 13 ni ó dé Marina, iná mànàmáná ló sì ń fà á. Bọ́ọ̀sì BRT náà wà, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 ní 2008. Èrò inú bọ́ọ̀sì ńlá kan, bí kálukú wọn bá gbé mọ́tò tirẹ̀ jáde, títì á dí pa. Bí wọ́n bá jọ wọ ọkọ̀ kan, ọ̀nà á fúyẹ́, èéfín á sì dín kù fún àwọn tó ń patẹ lẹ́bàá títì.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: reluwé èrò kò ṣeé kó bélì aṣọ sí, kì í sì í dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n alájẹṣẹ́kù ti wúlò. Ọmọ mi àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà ń háyà mọ́tò akẹ́rù kan pọ̀. Kálukú ń san iye tí ẹrù rẹ̀ tó. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó bọwọ́ lu ìwé owó yíyá, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín: ṣé mọ́tò ni ó fẹ́, àbí ọjà? Owó tí à bá fi ra mọ́tò ti di àǹkárá nínú ṣọ́ọ̀bù ọmọ tèmi, a sì ń san án padà lóṣooṣù.