Ẹṣin 650 Lójú Títì Ojúẹlẹ́gba: Ìgbà Wo ni Ọkọ̀ Asáré Tó Wọ́n Jù Tó Owó Rẹ̀?

Iye tí wọ́n ń pe ọkọ̀ asáré, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ Sùúrùlérè àti Yábàá ń pè ní spọ́ọ̀tìkáà, dá lórí ohun tí ọkọ̀ náà lè ṣe ní ilẹ̀ tí wọ́n ti rọ ọ́, ṣùgbọ́n èrè tí olówó rẹ̀ yóò rí dá lórí ohun tí ọ̀nà tó ń gbà lójoojúmọ́ bá jẹ́ kó ṣe. Ilẹ̀ méjèèjì yìí jìnnà síra. Ní Jámánì, níbi tí Porsche, BMW àti Mercedes ti ń rọ àwọn ọkọ̀ wọn tó lágbára jù, àwọn apá kan wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí òfin kò ti fi gbèdéke sí eré, ẹni tó bá sì ra ọkọ̀ tó lè sá 330 kìlómítà ní wákàtí kan lè rí ibi tí yóò ti dán an wò tí ọlọ́pàá kankan kò ní dá a dúró. Ní apá Mainland ìlú Èkó, láti Múṣin títí dé Yábàá, òfin ìrìnnà gba ọkọ̀ àdáni láyè 50 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìlú, ó sì gbà á láyè 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Lọ́pọ̀ ọjọ́, gosíló kì í tilẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ìdajì ohun tí òfin gbà.

Ọkọ̀ tó dára jù láti fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ni Porsche 911, tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé ní Frankfurt lọ́dún 1963, nítorí pé onírúurú rẹ̀ ni wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ kan náà, tí ìrísí wọn sì jọra, àmọ́ tí iye owó wọn jìnnà síra bí ilẹ̀ ṣe jìnnà sí òkè. Nígbà tí ìran tuntun rẹ̀ dé ọjà Amẹ́ríkà fún ọdún 2020, Carrera tó jẹ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ wọn jẹ́ 97,400 dọ́là, nígbà tí Turbo S, tó tẹ̀lé e ní ìran kan náà, jẹ́ 203,500. Agbára Carrera jẹ́ ẹṣin 385, ó ń kúrò lórí ìdúró dé 100 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 4.2, Turbo S ní ẹṣin 650, ó sì ń ṣe é láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2.7. Agbára ẹṣin tí wọ́n ń sọ yìí jẹ́ òdiwọ̀n tí James Watt, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Scotland, gbé kalẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún kí àwọn oníbàárà rẹ̀ lè mọ iye ẹṣin tí ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ lè rọ́pò. Bí wọ́n ṣe ń kà á nílẹ̀ Jámánì lónìí, ẹṣin kan ni agbára tó lè gbé ẹrù 75 kìlógíráàmù sókè ní mítà kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá yọ owó àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì, 106,100 dọ́là ni ẹni tó ra Turbo S fi kún owó rẹ̀ nítorí ìṣẹ́jú-àáyá kan àtààbọ̀, èyí tí ẹni tó ń sín kò ní tíì sín tán kó tó kọjá.

Ọkọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí Èkó tó bí ènìyàn ṣe lè rò. Volkswagen Beetle, tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí ọkọ̀ Ìjàpá, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní Ọjọ́ lójú ọ̀nà Badagry lọ́dún 1975, ọwọ́ Ferdinand Porsche ni àwòrán rẹ̀ ti jáde. Ara Ìjàpá yìí náà sì ni ọmọ rẹ̀ ti mú ọ̀pọ̀ ohun èlò tó fi ṣe ọkọ̀ Porsche àkọ́kọ́ lọ́dún 1948. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì 911 fi wà lẹ́yìn títí dòní, bíi ti Ìjàpá.

Ìdí tí ìṣẹ́jú-àáyá kan àtààbọ̀ fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ wà nínú ìmọ̀ físíìsì, kì í ṣe ojúkòkòrò ẹni tó ń tà á nìkan. Ìwúwo ọkọ̀ ló ń tẹ táyà mọ́ títì, táyà tí wọ́n ń tà fún ojú ọ̀nà kò sì lè fi agbára tó fi bẹ́ẹ̀ ju ìwúwo yẹn lọ ti ọkọ̀ síwájú kó má yọ̀. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé ọkọ̀ tó bá lo gbogbo ìdìmú yìí pátá yóò dé 100 kìlómítà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 2.8, èyí tó fi hàn pé Turbo S ti fi orí kan àjà, àti pé ẹṣin yòówù tí wọ́n bá tún fi kún un, ẹsẹ̀ táyà ni yóò máa yọ̀ lé lórí. Ní ti eré tó pọ̀ jù tí ọkọ̀ lè sá, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ọkọ̀ nílò láti fi la afẹ́fẹ́ já á di ìlọ́po mẹ́jọ, nítorí náà àwọn kìlómítà tó kẹ́yìn ló ń jẹ ẹṣin jù. Ọkọ̀ tó wúwo tó 1,500 kìlógíráàmù, tó ń lọ jẹ́ẹ́ ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, bíi ti Western Avenue lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kò lò ju nǹkan bí ẹṣin márùn-ún lọ. Ní 100 kìlómítà, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ogún lọ. Nínú ẹṣin 650 tí wọ́n san owó wọn, 630 ló ń dúró sílé.

Àwọn tó dúró sílé náà kì í sì í wà lódindi ní Èkó. Afẹ́fẹ́ tó gbóná fúyẹ́ ju èyí tó tutù lọ, bí afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì bá sì ṣe fúyẹ́ tó ni epo tó lè jó pẹ̀lú rẹ̀ ṣe ń dín kù, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá dúró gbagidi ní Ojúẹlẹ́gba tí kò sí atẹ́gùn tí yóò fẹ́ sí rédíétọ̀. Epo fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Ọ́kítéènì ni òdiwọ̀n tó ń sọ bí bẹntiróòlù ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ nínú sílíńdà tó láìjẹ́ pé ó gbiná kí àsìkò tó tó. Epo tí ọ́kítéènì rẹ̀ tó 98 ni wọ́n ṣe 911 fún, àmọ́ bẹntiróòlù tí ìlànà Nàìjíríà fọwọ́ sí wà ní àyíká 91. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ máa ń gbọ́ ìró bí epo ṣe ń gbiná láìtọ́jọ́, yóò sì fa ìṣáná sẹ́yìn kí ẹ́ńjìnnì má bàa bàjẹ́, ṣùgbọ́n agbára ni yóò fi san án. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí wọ́n gbé epo tí mẹ́táńọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ti pọ̀ jù wọ Nàìjíríà, tó bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ kí ìjọba tó ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà, kò sí ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó fi lè yọ ara rẹ̀.

Ní ti táyà, ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Nọ́mbà tí wọ́n kọ sára táyà iwájú Turbo S ni 255/35, èyí tó túmọ̀ sí pé ó fẹ̀ tó 255 mìlímítà, tí gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 35 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, ìyẹn nǹkan bí 89 mìlímítà. Ti Toyota Camry ọdún 2007 jẹ́ 215/60, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ga tó 129. Ẹ̀gbẹ́ tó ga yìí ni tìmùtìmù tó wà láàárín kòtò àti wíìlì. Ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ dára fún kọ́nà tí wọ́n fi eré gbà, nítorí kì í jẹ́ kí táyà tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ní àwọn òpópónà inú Múṣin àti Itire lẹ́yìn òjò, nígbà tí omi bá bo kòtò mọ́lẹ̀, ó di ọ̀nà tó yá jù láti sọ ara ẹni di oníbàárà fọ́kanáísà. Mélòó ni ká ti sọ nípa bọ́ọ̀mpù tí àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ń fọwọ́ ara wọn mọ?

Owó rírà nìkan kọ́, ohun mìíràn tún ń tẹ̀lé e. Bí a bá fi 1,500 náírà ka dọ́là kan, àfikún 106,100 dọ́là yẹn jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 159 náírà, kó tó di pé àwọn aṣọ́bodè bu tiwọn, nítorí iye ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó ibodè. Ìlànà ọdún 2013 fi 35 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọkọ̀ tuntun tó ń wọlé, ó sì tún fi àfikún 35 lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti dín in kù lẹ́yìn náà. NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, pàṣẹ láti oṣù Kìíní ọdún 2023 pé owó ìdójútòfò kíkún kò gbọdọ̀ dín ní 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, èyí tó jẹ́ pé àfikún yẹn nìkan ń bí owó tó súnmọ́ mílíọ̀nù 8 náírà lọ́dọọdún. Bẹntiróòlù, tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà kí wọ́n tó kéde ìparí owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ti di 617 kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, ó sì kọjá 1,000 lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, tó ń gba àwọn tó ń wa Toyota àti Honda sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyà pẹ̀lú ẹrù tòkunbọ̀ tí wọ́n ń pè ní Belgium, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tó lè ṣe fún olówó Turbo S, nítorí pé ọkọ̀ tí kò pọ̀ nígboro kò lè ní ògbólógbòó tí wọ́n máa tú ara rẹ̀ tà.

Lórí Mainland, ẹni tó ń yàn láàárín Carrera àti Turbo S kò wọ́pọ̀. Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ lábẹ́ igi níbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ ni bóyá kí oníbàárà mú oní-pílọ́ọ̀gì mẹ́rin tàbí oní-pílọ́ọ̀gì mẹ́fà. Pílọ́ọ̀gì ni ohun tó ń ṣáná sí epo, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Camry tí Nàìjíríà sọ ní Muscle, ti ọdún 2007, ní ẹṣin 158 nínú oní-mẹ́rin, ó sì ní 268 nínú oní-mẹ́fà. Ohun tí kì í sábà hàn sí ẹni tó ń ná an ni pé 911 Turbo àkọ́kọ́, tí wọ́n fi hàn ní Paris lọ́dún 1974, tí àwọn ọlọ́rọ̀ Yúróòpù ń bẹ̀rù láti wà, ẹṣin 260 ló ní. Lóòótọ́ ọkọ̀ yẹn fúyẹ́ ju Camry lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà mú ẹnikẹ́ni ronú: agbára tí wọ́n kà sí ìwà wèrè nígbà kan ló ń gbé ìdílé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní òpópónà Bọ́dè Thomas báyìí. Àfikún láti mẹ́rin sí mẹ́fà ní ìlò tó ṣeé fojú rí, nígbà tí ọkọ̀ tó kún fún èrò àti ẹrù bá ń gun afárá, tàbí tó fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ohun tó ń gbà ni epo díẹ̀ sí i, àti ẹ́ńjìnnì tó há débi pé mẹkáníìkì ní láti tú ohun mẹ́ta kó tó dé pílọ́ọ̀gì tó wà lẹ́yìn.

Ìtàn Yorùbá ti bá irú ìṣirò yìí pàdé rí, lórí ẹṣin tòótọ́. Àwọn ẹlẹ́ṣin ni Ọ̀yọ́ Ilé fi di ìjọba ńlá, bẹ́ẹ̀ owó gidi ni wọ́n fi ń ra ẹṣin láti òkè Ọya, nítorí pé eṣinṣin tsetse kò jẹ́ kí ẹṣin pọ̀ dáadáa nílẹ̀ wọn. Ní pápá gbalasa, ẹṣin yìí tó owó rẹ̀ ó sì lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀yọ́ kó ogun wọ igbó àwọn Ìjẹ̀ṣà, igi kò jẹ́ kí ẹṣin sáré, àìsàn sì ń pa á. Síbẹ̀ àwọn ọba àti ìjòyè inú igbó ṣì ń ra ẹṣin, wọ́n sì mọ̀ dájú pé iyì ni àwọn ń rà, pé wọn kò ra ìrìn.

Kò sí ohun tó burú nínú ká ra iyì, bí ẹni tó ń rà á bá ti pè é lórúkọ rẹ̀. Ìró ẹ́ńjìnnì, ìjókòó tó di ènìyàn mú, àti ojú tí àwọn èrò òpópónà Adéníran Ògúnsànyà ń fi wò ó jẹ́ ìgbádùn tòótọ́. Àmọ́ Carrera ń gbé gbogbo wọn wá ní ìdajì owó, kò sì sí ju ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ lọ nínú àwọn tó ń wò ó tó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí Turbo S. Bí ohun kan bá wà nínú ọkọ̀ asáré tó tó owó rẹ̀ lójoojúmọ́ ní Èkó, bíréèkì ni: ìwọ̀n ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń gbà kó tó dúró máa ń di ìlọ́po mẹ́rin bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ọ̀kadà kì í sì í kéde kó tó yà wọ ọ̀nà. Bíréèkì dáadáa sì ti wà lára Carrera láti ibẹ̀rẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo tó dà bíi pápá fún Mainland ni afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí lódindi lọ́dún 1990, tó sì gùn tó kìlómítà 11.8. Bí ọ̀nà bá dá, ọkọ̀ tó bá lọ ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan láti Òwòròǹṣókí yóò fi ìṣẹ́jú méje péré là á já. Bí Turbo S àti Camry oní-pílọ́ọ̀gì mẹ́fà bá jọ gbéra, tí àwọn méjèèjì kò sì kọjá 100 náà, kìkì ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta ni Turbo S yóò fi ṣáájú dé Adéníji ní òpin afárá, níbi tí àwọn méjèèjì yóò ti jọ tò sẹ́yìn dánfó kan náà.