Kí Aláìsàn Tó Fọwọ́ Síwèé: Abéèrè Kì í Ṣìnà

Ní Ìsẹ́yìn, níbi tí òfì híhun ti jẹ́ iṣẹ́ ìran, kò sí oníbàárà kan tí yóò kó owó fún ahunṣọ, kó sì ní kó máa hun èyí tó bá ti wù ú. Oníbàárà yóò béèrè irú òwú tí wọn yóò lò, yóò yan àwọ̀, yóò dúnàá dúrà, yóò sì mú ọjọ́ tí aṣọ yóò jáde. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà yìí kan náà bá dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n gbé ìwé iṣẹ́ abẹ síwájú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé kíá ni yóò tẹ̀ka sí i láìbéèrè ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ bí aṣọ bá bàjẹ́, a lè hun òmíràn. Ta ni yóò hun ara ènìyàn?

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àfojúdi ni kí ènìyàn máa bi dókítà ní ìbéèrè. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2014, là á kalẹ̀ ní abala 23 pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun mẹ́rin fún un: bí ara rẹ̀ ṣe rí, oríṣiríṣi àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú, pẹ̀lú ohun tó lè tẹ̀yìn kíkọ̀ náà yọ. Ìgbà kan ṣoṣo tí òfin yọ̀ǹda pé kí wọ́n má sọ bí ara aláìsàn ṣe rí fún un ni ìgbà tí ẹ̀rí tó dájú bá wà pé sísọ ọ́ yóò pa á lára. Yálà ilé ìwòsàn ìjọba ni o, yálà ti ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wà ní Ṣakí ni o, òfin kan náà ló de gbogbo wọn.

Òfin yìí tún sọ pé, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí aláìsàn gbọ́ ni kí wọ́n fi ṣàlàyé fún un, kí wọ́n sì wo bí ó ṣe kàwé mọ. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyí ní Òkè-Ògùn. Dókítà tó ti ibòmíràn wá lè má gbọ́ Yorùbá. Bákan náà, Fúlàní darandaran tàbí Bàrùbá tó wá gbàtọ́jú ní Ṣakí lè má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Aláìsàn tí ọ̀rọ̀ kò bá yé lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún òun, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ará ilé rẹ̀ kan.

Kí wá ni ó yẹ kí ènìyàn béèrè? Ẹ jẹ́ kí á mú àgbẹ̀ kan tí ìpá ń dà láàmú, tí dókítà ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ. Kí ó béèrè pé: Kí ni àìsàn yìí gan-an? Ṣé ọ̀nà mìíràn wà? Ewu wo ló wà nínú iṣẹ́ abẹ náà, ewu wo ló sì wà nínú kí n má ṣe é? Èló ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́? Ìgbà wo ni mo lè tún gbé ọkọ́? Ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí kò kéré. Ìpá tí kò tíì dunni, dókítà lè ní kí wọ́n ṣì máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ìfun bá há sínú rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dé ibẹ̀ mọ́, ó lè gba ẹ̀mí. Ẹni tó mọ èyí kò ní fi ìrora òjijì mọ́ra nínú ilé.

Bí wọ́n bá sì ní kí aláìsàn máa lọ sí UCH n'Ìbàdàn, kí ó béèrè ohun tí wọn yóò ṣe fún un níbẹ̀ tí wọn kò lè ṣe ní Ṣakí, nítorí ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì wà níbẹ̀.

Aláìsàn náà ní òtítọ́ tirẹ̀ láti sọ. Bí ó bá ti mu àgbo, tàbí tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó má fi pa mọ́. Ohun tí dókítà kò mọ̀, kò lè fi gbani nímọ̀ràn.

Ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọdún 1991, obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, fọwọ́ síwèé pé òun kò gba ẹ̀jẹ̀. Dókítà John Okonkwo tọ́jú rẹ̀ láìfa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, obìnrin náà sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí ní kí dókítà náà lọ rọ́kún nílé fún oṣù 6. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, àwọn adájọ́ sì dá dókítà náà láre ní ọdún 2001. Wọ́n ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ló ni ìpinnu lórí ara rẹ̀, dókítà kò sì lè fi ipá tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ náà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí lọ sí i. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń kọ̀ kí ó tó kọ̀ ọ́.

Ẹ̀tọ́ yìí sì ní ààlà. Ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ yìí kan náà sọ pé òbí kò lè torí ìgbàgbọ́ tirẹ̀ kọ ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ kékeré tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì náà yàtọ̀: abala 20 òfin ọdún 2014 ní ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá rú u lè san owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹbí kì í fi aláìsàn sílẹ̀ fún òun nìkan, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni ti ẹbí, ìpinnu ni ti aláìsàn. Obìnrin tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún kí ó lè bímọ gbọ́dọ̀ gbọ́ àlàyé létí ara rẹ̀, kì í ṣe kí ọkọ àti ìyá ọkọ nìkan gbọ́ ọ.

Bí wọn kò bá sì ṣe é bó ti yẹ, òfin gbà kí aláìsàn fẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó di ẹjọ́, kí ó kọ́kọ́ béèrè. Bí kò bá yé e, kí ó tún béèrè, gẹ́gẹ́ bí yóò ti ṣe níwájú ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn.